Àáró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá báyìí dá lórí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ó ṣòro láti rí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Òkè Ọya, ìbáà ṣe ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Mínná, tí kì í bẹ aláìsàn wò. Nítorí náà, n kò wá kọ́ yín ní àánú ṣíṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, nítorí pé èmi gan-an ti lọ́wọ́ sí èyí tí kò dára, àwòrán rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kan ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí n bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n fẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ìròyìn tí yóò ya àwòrán fún wọn. A tó ogójì ènìyàn. Wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n gbé páálí núdù, ọṣẹ àti málítà, wọ́n sì ta bánà gbọọrọ kan tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí. A wọ inú wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Bí a bá ti dé ìdí ibùsùn kan, ààrẹ yóò na ẹ̀bùn, aláìsàn yóò na ọwọ́, èmi yóò tẹ kámẹ́rà, a ó sì kọjá sí ìdí ibùsùn kejì. Kò gbà wá tó wákàtí kan. Inú gbogbo wa dùn bí a ti ń jáde.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó láti yan àwòrán tó dára jù lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ààrẹ ti ń rẹ́rìn-ín, tí ó na ẹ̀bùn sí ọkùnrin kan tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ gé etí àwòrán náà ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọkùnrin yìí kò na ọwọ́ láti gba nǹkan. Ìwé kékeré kan ni ó nà sí wa. Ọwọ́ òsì ààrẹ ti rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ̀bùn lè hàn dáadáa.

Mo padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni. Bíríkìlà ni ọkùnrin náà, ọmọ apá Òkè Ògùn, ọkọ̀ ló gbá a nígbà tí ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí dókítà ti kọ ìwé náà, kò sì rí ẹni tí yóò bá a mú un lọ. Òdì kejì ọgbà ni yàrá àyẹ̀wò wà, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó níbòmíràn kí a tó débẹ̀. Kò ní ará kankan ní ìlú náà, fóònù rẹ̀ sì ti sọnù níbi ìjàǹbá. Kí n tó dé, obìnrin Haúsá kan tó ń tọ́jú baba rẹ̀ ní ibùsùn kejì ti bá a mú ìwé náà lọ, ó sì ti fi owó tirẹ̀ san án. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ṣe mọ ohun tí ọkùnrin náà ń fẹ́. Ó ní òun rí i tó ń wo ìwé náà, tó tún ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀WẸ̀ ÀTI ÀÁRÓ

Àwọn baba wa ní oríṣi ìrànlọ́wọ́ méjì tí a sábà máa ń dà pọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé, tàbí tí oko rẹ̀ tóbi ju agbára rẹ̀ lọ, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Ọ̀rẹ́, ojúlùmọ̀, ọkọ ọmọ àti àwọn èwe ilé rẹ̀ yóò rọ́ wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Onílé yóò dáná, ẹmu yóò wà nílẹ̀, orin yóò sọ, iṣẹ́ yóò sì tán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oníkálùkù ti gba ilé rẹ̀ lọ. Ohun tó dára ni ọ̀wẹ̀, òun ló sì bá iṣẹ́ tí a lè ṣe tán lóòjọ́ mu.

Àáró yàtọ̀. Àwọn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni wọ́n máa ń da àáró pọ̀. Bí wọ́n bá kọ igba ebè ní oko tèmi lónìí, igba ebè ni a ó kọ ní oko tìrẹ ní ọjọ́ tí a dá. Kò sí ìlù, kò sí àlejò tó ń wòran. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò fi àbúrò tàbí ọmọ ránṣẹ́ dípò, nítorí pé wọ́n ń ka ebè, wọ́n sì ń ka ọjọ́. Ohun tó mú àáró lágbára ni pé ẹni tí à ń ṣiṣẹ́ fún mọ ọjọ́ tí a óò dé.

Ọ̀wẹ̀ ni ohun tí a lọ ṣe ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Àìsàn kì í ṣe iṣẹ́ tó ń tán lóòjọ́. Ọkùnrin tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò nílò omi ní ọjọ́ Ajé, yóò nílò ẹni tí yóò ra oògùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà sì lè kọ ìwé mìíràn fún un ní ọjọ́rú. Ẹni kan ṣoṣo tó ń dé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ wúlò fún un ju ogójì ènìyàn lọ́jọ́ kan lọ. Ìlú tí a wà yìí náà ti fi hàn wá rí. Nígbà tí à ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà, àwọn obìnrin àdúgbò, tí ìyá ọmọ mọ̀ dáadáa, ni wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n tún ń padà lọ sí ilé tó ti lé wọn lánàá. Ọdún 2016 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó, irú èyí tí kòkòrò àbáláyé rẹ̀ ń fà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé ẹkùn Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lílọ àti pípadà lọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn wà nínú ohun tó ṣe é.

Ẹnì kan lè wí pé: ẹni tó bá wọ inú àáró gbọ́dọ̀ san án padà, báwo ni àlejò tó wà lórí ibùsùn yóò ṣe san tirẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ń kàwé ní ìlú tí n kò mọ ẹnikẹ́ni, bóyá tiyín náà sì ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ níbi tí ẹ kò dé rí. Ibẹ̀ ni mo fi gbèsè náà sí.

ẸNI TÍ KÒ NÍ ARÁ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa bí nǹkan ṣe rí ní ilé ìwòsàn wa. Ará aláìsàn ni ẹsẹ̀ aláìsàn. Ará ni ó ń lọ gba káàdì, tí ń sanwó, tí ń tọ́jú rìsíìtì, tí ń gbé ìgò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, tí ń lọ gba èsì rẹ̀, tí ń wá oògùn tí kò sí ní ilé ìpòògùn ilé ìwòsàn kiri ìgboro. Òun ni ó ń pọn omi, tí ń fọ aṣọ, tí ń gbé oúnjẹ wá, tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti yí ara padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò, tí ó sì ń sáré pe nọ́ọ̀sì lóru. Nọ́ọ̀sì kan lè máa mójú tó ibùsùn tó pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, kò sì lè fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ kí ó máa mú ìwé kiri.

Ta ni kò ní ará? Awakọ̀ tírélà tó ní ìjàǹbá ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò ni. Agùnbánirọ̀ ni. Ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò gba owó náà lọ sí ibi tí à ń san án, òun náà wà lára wọn. Owó nìkan kì í ṣe ará.

Òfin dá sí ọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè san ìtanràn ₦100,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó fojú winá méjèèjì. Òfin mìíràn tí a ṣe ní ọdún 2017 sọ pé kí a tọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Ó yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ òfin méjèèjì, nítorí ó lè jẹ́ òun ni wọn yóò pè ní agogo méjì òru. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni òfin ń gbé aláìsàn gbà wọlé. Kì í bá a gbé ìwé lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, síbẹ̀ n ó sọ èyí: iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yín kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a fi ń bo àìtó òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé nọ́ọ̀sì kan ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù lóru, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín àti ọ̀dọ̀ aṣojú yín. Ẹ lè ṣe méjèèjì pọ̀.

ẸNU ONÍṢẸ́ ÒGBUFỌ̀

Iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè ṣe é dáadáa ní ìlú tí a wà yìí. Dókítà lè máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì lè máa sọ Haúsá, kí ìyá tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé láti Ọ̀fà má gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Abala 23 nínú òfin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a ṣàlàyé ipò ìlera aláìsàn fún un ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì wo ìwọ̀n ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá ṣe é? Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé ọmọdé tó bá wà nítòsí ni wọ́n ń pè. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ ohun tó ń ṣe ìyá rẹ̀ ní abẹ́ ikùn.

Gbígbọ́ èdè méjì nìkan kò tó. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan sọ fún dókítà pé, “Àyà mi ń já láti ìdájí.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń túmọ̀ fún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀rù ń ba ìyá. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ìyá fọkàn balẹ̀, ó sì fẹ́ kọjá. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Yorùbá ló dá a dúró. Ohun tí ìyá ń wí ni pé ọkàn òun ń lù kìkì, ó ń fò, kò sì dúró lójú kan. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá láti wo bí ọkàn náà ṣe ń lù, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò parọ́. Àyà lè já nítorí ìbẹ̀rù, àyà sì lè já nítorí àìsàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún méjèèjì.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú èdè wa. “Ẹsẹ̀” lè bẹ̀rẹ̀ láti itan títí dé ọmọ ìka, “ọwọ́” sì lè bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. “Inú ń run mí” kò tíì sọ fún dókítà bóyá òkè ìdodo ni tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Ibà” lè jẹ́ èyí tí ẹ̀fọn ń fà, ó sì lè jẹ́ ara gbígbóná lásán tí nǹkan mìíràn fà. Nítorí náà, kí ògbufọ̀ má ṣe kánjú. Kí ó ní kí aláìsàn fi ọwọ́ lé ibi tó ń dùn ún. Kí ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí aláìsàn bá wí pé, “Mo ti lo nǹkan díẹ̀ nílé,” kí ó béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbo, kí ó sì sọ ọ́ fún dókítà gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ, láì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Kí ó sọ gbogbo rẹ̀, kí ó má fi tirẹ̀ kún un, kí ó má sì dáhùn fún aláìsàn.

Ohun tó le jù ni ìròyìn búburú. Àwọn ẹbí yóò fà yín sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá.” Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kò ní àṣẹ láti pa ọ̀rọ̀ dókítà jẹ. Kí ó dá wọn padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n jọ sọ ọ́ níwájú ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan nǹkan oṣù tàbí oyún, kí ó jẹ́ obìnrin ni yóò túmọ̀ fún obìnrin. Ẹ̀ka àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ yìí kàn jù.

ẸJẸ̀

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ojú yóò ti máa wo ilẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ mi ni ẹ̀mí mi,” “kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?” Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àpò kan tí à ń gbà kò ju nǹkan bí 450 mílílítà lọ, kò tó ìgò omi kékeré kan, ara sì ń dá òmíràn padà. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 tí kò tíì ju 65 lọ, tí ó wọn kìlógíráàmù 50 ó kéré tán, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, tí kò lóyún tí kò sì fún ọmọ lọ́mú, lè fún ni. Kí ọkùnrin sinmi fún oṣù mẹ́ta kí ó tó tún fún ni, kí obìnrin sinmi fún oṣù mẹ́rin. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò lè sinmi, kò sì lè dúró de ìpàdé ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí Karl Landsteiner, onímọ̀ ìṣègùn ará Austria tó ṣàwárí oríṣi ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1901. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ lọ́jọ́ yẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú irú àpò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń lò, ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ 35 lọ kódà bí ó bá wà nínú òtútù tó yẹ ẹ́. Àpò tí a bá gbà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, tí a kò bá lò ó títí di ọjọ́ 19 oṣù Keje, dídà nù ni. Ọgọ́ta ènìyàn lè fún ni ní ọjọ́ kan, kí ìyá kan sì kú ní oṣù Kẹsàn-án nítorí àìsí àpò kan.

Àáró náà ni ọ̀nà àbáyọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ọkùnrin mẹ́rìnlélógún tí ara wọn yá, kí àwọn méjì máa lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjìlá yóò pé kí ó tó tún kan àwọn méjì àkọ́kọ́, èyí sì súnmọ́ oṣù mẹ́ta tí a ní kí wọ́n fi sinmi. Kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ bí ọjọ́ bá ti pé. Ilé ìwòsàn náà yóò mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ yòówù, àpò méjì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Kí akọ̀wé ní ìwé kan tí a kọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù sí, kí a sì sàmì sí àwọn tó ní O tí kò ní Rhesus, nítorí wọn kò pọ̀ láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ wọn ni a sì ń wá kiri nígbà tí kò sí àyè láti yẹ oríṣi tí aláìsàn ní wò.

Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Abala 53 nínú Òfin Ìlera kò gbà kí ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ gba owó tàbí èrè kankan, àfi owó ọkọ̀ àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ tó mọ níwọ̀n. Nítorí náà, ẹ má bá àwọn tó ń na ẹ̀jẹ̀ bí ọjà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn dòwò pọ̀. Èkejì, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún kòkòrò àrùn éèdì, àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C, àti sífílíìsì. Bí wọ́n bá dá ọmọ ẹgbẹ́ kan padà, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó, ó sì lè jẹ́ ohun tí òun àti dókítà nìkan yẹ kí ó mọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń bi ènìyàn ní irú ìbéèrè yìí kò ní rí ẹni lọ ní ìgbà kejì.

KÀLẸ́ŃDÀ

Mo ti fún ẹgbẹ́ yẹn ní àwòrán mi kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa, n kò sì gbà á padà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, bíríkìlà náà wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ọ̀pá ìrìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti lè ṣe é tó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́,” ó sì fa kàlẹ́ńdà kan yọ láti inú ọ̀rá. Òun nìyẹn lójú ewé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n dì, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kò tíì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ọkọ̀ gbá òun, nítorí pé ìyá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ló mú kàlẹ́ńdà náà relé nígbà Iléyá. Ibẹ̀ ni ìyá ti rí i, lára ògiri ilé aládùúgbò.

Kò bínú. Ó kàn béèrè bóyá a lè bá òun yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n tẹ̀. N kò rí èsì kankan fún un ju kí n ní kó máà bínú.

Abala 26 nínú òfin yẹn kan náà sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìlera aláìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀, títí kan pé ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn rárá. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ fi kámẹ́rà àti bánà sílé. Bí ẹ bá fẹ́ àkọsílẹ̀ fún ìpàdé ọdọọdún, ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ lọ àti iye ènìyàn tí ẹ ràn lọ́wọ́. Ẹ má kọ orúkọ. Bí ẹ bá pàdé ẹni tí ẹ tọ́jú ní ọjà lẹ́yìn náà, kí òun ni yóò kọ́kọ́ kí yín bí ìwọ̀nyẹn bá wù ú.

BÍ Ẹ ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ẹ má kàn wọ inú wọ́ọ̀dù lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí olùdarí ilé ìwòsàn náà. Ilé ìwòsàn ńláńlá ní ẹ̀ka tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn àwọn aláìsàn, èyí tí a sábà ń pè ní wẹ́fíà; àwọn ni wọ́n mọ ẹni tí kò ní ará. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ó sì lè yà yín lẹ́nu pé kì í ṣe núdù. Kí ènìyàn méjì máa lọ pọ̀ fún wákàtí méjì, kí káàdì ìdánimọ̀ wà lọ́rùn wọn, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ti ń wọlé àti bí wọ́n ti ń jáde. Kí gbogbo ẹni tí yóò máa lọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ B: ẹ̀ẹ̀mẹta ni, èkejì ní oṣù kan lẹ́yìn àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́ kí ó jókòó sílé. Ọṣẹ àti omi kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn, ọṣẹ àti omi lẹ́yìn rẹ̀.

Nípa oúnjẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ná. Mo mọ aláìsàn kan tí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síwájú nítorí pé àwọn tó wá kí i fún un ní málítà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì mu ún nítorí ojú àánú tí wọ́n fi wò ó. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà pàápàá kì í fẹ́ kọ ẹ̀bùn àgbà. Ẹ má fọwọ́ kan omi tí wọ́n fà sí i lára, ẹ má sì tú egbò. Owó tí ẹ bá san fún ẹnikẹ́ni, ẹ gba rìsíìtì. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ béèrè bóyá aláìsàn fẹ́ àdúrà, kí ẹ sì gbà bí ó bá ní rárá. Fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Yóò ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí ẹ ń tọ́jú yóò kú. Kí àwọn méjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ má dá gbé e lọ sílé. Kí ìyálóde tàbí àgbà kan jókòó tì wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹgbẹ́ sì ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́ láti wá ẹbí òkú kàn, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, kí a tó sọ pé kò ní ẹnìkan.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

Ènìyàn mélòó nínú ẹgbẹ́ wa ni ó lè fún ilé ìwòsàn ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, fún odindi ọdún kan? Ta ni nínú wa tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì tó láti ṣe ògbufọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì pa mọ́? Kí a ka àwọn ọkùnrin tó lè fún ni ní ẹ̀jẹ̀ kí ìpàdé tó tú, kí a kọ orúkọ méjì sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí akápò sì sọ fún wa iye tí a ná sí bánà ní ọdún tó kọjá.